Ààrò Mẹ́ta Tó Ń Da Ọbẹ̀ Nù

Bí ẹ bá dé Treichville ní Àbíjàn lónìí tí ẹ ní ẹ̀ ń wá ẹni tó ń wa fọ́ọ̀kìlíìfù, ọmọ Ẹjìgbò tí ẹ bi á kọ́kọ́ wò yín látòkè délẹ̀, á wá ní, "Ẹ kú ọ̀nà o. Ọjọ́ wo lẹ ti ilé dé?" Àwa tí wọ́n bí síbí, Fenwick la mọ̀ ọ́n sí. Orúkọ ilé iṣẹ́ kan ní ilẹ̀ Faransé ni, ṣùgbọ́n ó ti di orúkọ ẹ̀rọ yòówù tó bá ti ní irin gígùn méjì níwájú tó fi ń gbẹ́rù, bí Omo ṣe di orúkọ gbogbo ọṣẹ ìfọṣọ lẹ́nu àwọn ìyá wa. Ẹni tó ń wà á ni wọ́n ń pè ní cariste. Ọdún 11 ni mo fi ṣe cariste ní Vridi, létí èbúté Àbíjàn, kí ọ̀kan tó dà lulẹ̀ tòun tèmi.

Ẹsẹ̀ òsì mi ṣì máa ń sọ ìtàn náà bí òjò bá ti ṣú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí ẹsẹ̀ ni mo ṣe ń kọ èyí. Láti ọjọ́ náà, ìbéèrè kan náà ni gbogbo èèyàn ń bi mí: "Kí ló dé tí o ò tètè bẹ́ sílẹ̀?" Màmá mi bi mí. Àbúrò mi bi mí. Nọ́ọ̀sì tó ń tú báńdéèjì mi náà bi mí.

Mo bẹ́ o. Bíbẹ́ yẹn gan-an ló ṣẹ́ mi lẹ́sẹ̀.

Iṣẹ́ aláàárù ni bàbá mi ṣe ní èbúté yìí. Kí wọ́n tó la ọ̀nà omi Vridi ní ọdún 1950, tí ọ̀sà fi bá òkun pàdé, ọkọ̀ ojú omi ńlá kò lè wọ Àbíjàn rárá. Lẹ́yìn tí wọ́n là á ni ìlú yìí di ẹnu ọ̀nà tí ẹrù ń gbà wọlé tí kòkó sì ń gbà jáde, àwọn èèyàn wa láti Ẹjìgbò náà sì ń tẹ̀lé ara wọn wá. Àpò kòkó kan ń wọ̀n tó kílò 65. Bàbá mi á gbé e sẹ́yìn ọrùn, á fi pákó tóóró gun ẹ̀yìn ọkọ̀ àjàgbé, á sọ̀ ọ́, á padà wá gbé òmíràn. N kò rántí ọjọ́ kan tí ẹrù dà nù lọ́rùn rẹ̀. Ó máa ń sọ pé ọrùn ló ń bá ẹrù sọ̀rọ̀: bí àpò bá fẹ́ yẹ̀, ọrùn á ti gbọ́ kí ojú tó rí i, ẹsẹ̀ á sì ti tẹ̀lé ọrùn.

Inú Fenwick, ọrùn ò sí níbẹ̀. Ẹ jókòó sórí àga, ẹ fa ọwọ́ irin kékeré kan, ẹrù tí ogún ọkùnrin á gbé títí tí wọ́n á fi làágùn gòkè bí ẹyẹ. Kò sí ohun tó wúwo lára yín. Àga kò ní sọ nǹkan kan fún yín, títí ọ̀ràn á fi bọ́ sórí.

Ẹni tí kò bá wà á rí á rò pé ọkọ̀ kékeré kan ni. Ó kúrú ju woro-woro tí a ń wọ̀ lọ sọ́jà lọ. Ṣùgbọ́n èyí tó lè gbé tọ́ọ̀nù 2.5, òun fúnra rẹ̀ máa ń tó tọ́ọ̀nù 3.5 sí 4. Takisí mẹ́ta la máa kó jọ kí wọ́n tó bá a dọ́gba. Ẹ̀yìn ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìwúwo náà wà, ògidì irin tí wọ́n dà sí i nídìí kí ẹrù iwájú má baà gbé ìdí rẹ̀ sókè. Jangirọ́fà ni. Ẹ rántí èyí tí a fi pákó àti òkúta ṣe nígbà èwe. Táyà iwájú ni òkúta tó wà láàárín, irin ẹ̀yìn ni ọmọ kan, ẹrù iwájú ni ọmọ kejì. Bí ọmọ kan bá sún sẹ́yìn dé ṣóńṣó pákó, kò sanra ju bó ṣe wà lọ, síbẹ̀ á gbé ẹnì kejì rẹ̀ kúrò nílẹ̀.

Wọ́n máa ń kan páànù pẹlẹbẹ kan mọ́ ara ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, tó ń sọ iye tó lè gbé àti ibi tó yẹ kí àárín ẹrù wà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀kan wò. Ká ní páànù sọ pé kílò 2,500, bí àárín ẹrù bá jìnnà ní sẹ̀ǹtímítà 50 sí ìdí irin méjèèjì tó ń gbẹ́rù. Ká sì ní láti ìdí irin náà dé àárín táyà iwájú jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 40. Àpapọ̀ 90 nìyẹn. Lọ́jọ́ kan wọ́n gbé àpótí gígùn kan dé, àárín tirẹ̀ bọ́ sí sẹ̀ǹtímítà 80. Àpapọ̀ di 120. Ohun tí ẹ̀rọ kan náà lè gbé ti já sí kílò 1,875. Ó fi kílò 625 dín, bí àpò kòkó mẹ́sàn-án àti ààbọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì fi hóró kan kún ẹrù. Ìdí nìyí tí awakọ̀ á fi búra pé "ẹrù yìí ò tó tàná," tí ìdí ẹ̀rọ á sì máa gòkè lójú rẹ̀. Páànù ti ẹ̀rọ tí mo wà fún ọdún mẹ́rin gbẹ̀yìn, ẹnì kan ti kùn ún ní ọ̀dà pupa pọ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ kó lè rẹwà.

Dídà síwájú nìyẹn, òun kọ́ ló sì ń pani jù. Bí iwájú bá kanlẹ̀, ẹrù á dà nù, ọ̀gá á pariwo, ìdí ẹ̀rọ á sì padà sọlẹ̀. Dídà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni ọ̀ràn.

Àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ní ti ọbẹ̀, mo gbà fún wọn. Lójú, táyà mẹ́rin ni Fenwick ní, ṣùgbọ́n ààrò mẹ́ta ló dúró lé. Irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, ojú kan ṣoṣo láàárín ni wọ́n ti fi kọ́ mọ́ ara ẹ̀rọ, kó lè máa jì sọ́tùn-ún sósì bí ilẹ̀ kò bá tẹ́jú. Nítorí náà táyà iwájú kan jẹ́ ààrò kan, táyà iwájú kejì jẹ́ ìkejì, ojú ìkọ́ àárín ẹ̀yìn yẹn jẹ́ ìkẹta. Ẹ fa ìlà láti ọ̀kan dé èkejì, ẹ ó rí onígun mẹ́ta tó fẹ̀ níwájú tó sì ṣe ṣóńṣó lẹ́yìn. Níwọ̀n ìgbà tí ìwúwo ẹ̀rọ àti ẹrù bá ń bọ́ sínú onígun mẹ́ta yìí, àlàáfíà ni. Bó bá yọ síta, kò sí ẹ̀bẹ̀.

Mo bẹ̀ yín, ẹ wo ṣóńṣó ẹ̀yìn yẹn dáadáa, torí ibẹ̀ ni ìmọ̀ ọ̀pọ̀ awakọ̀ ti parí. Bí ẹ̀rọ bá gbẹ́rù, ìwúwo á sún síwájú, níbi tí ààyè ti fẹ̀. Bó bá sọ ẹrù kalẹ̀, ìwúwo á padà sẹ́yìn, sí ibi tóóró. Fenwick tó ṣófo wá rọrùn láti dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ju èyí tó gbẹ́rù lọ. Bí àwa sì ti ń wà á ni pé, bí ẹrù bá wà níwájú, à ń rìn bí ẹni ru ẹyin. Bí ẹrù bá ti kúrò, a di ọlọ́kọ̀ eré ìje.

Ẹ fi ti kọ̀rọ̀ kún un. Bí ọkọ̀ èrò tí à ń pè ní gbaka bá yí kọ̀rọ̀ lójijì ní Adjamé, gbogbo èrò á dà lu ara wọn. Ohun kan náà ló ń ti ẹ̀rọ síta, àmọ́ bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tó ń tì í kì í di méjì; mẹ́rin ló ń dì. Táyà ẹ̀yìn ló tún fi ń yí, kì í ṣe tiwájú bíi ti mọ́tò, nítorí náà ìdí rẹ̀ á ju ara rẹ̀ síta kí ẹni tó wà lórí rẹ̀ tó mọ̀. Bí irin ìgbẹ́rù bá sì wà lókè, ìwúwo ti gòkè nìyẹn. Ìyá tó ru agbada omi tó sì nàró kò lè yí padà bí ìyá tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Gbogbo èyí ni mo mọ̀ lọ́jọ́ tí tèmi dà. Mo mọ̀ ọ́n lórí bí ọmọ iléèwé ṣe mọ ìsọdipúpọ̀.

Oṣù kẹfà ni, ẹni tó bá mọ Àbíjàn sì mọ ohun tí òjò oṣù kẹfà ń ṣe. Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Agogo méjìlá kù díẹ̀. Ọkọ̀ àjàgbé méjì ti ń fun fèrè lẹ́nu géètì, àwọn tó fẹ́ lọ kírun ti ń wo aago, èmi náà wà lára wọn. Òru ọjọ́ náà ni òjò ti wọ inú àga ẹ̀rọ mi, torí awọ rẹ̀ ti ya, fóòmù inú rẹ̀ sì mu omi yó. Mo tẹ́ ọ̀rá sórí rẹ̀. Ọ̀rá ń yọ̀, ìdí mi kò dúró lójú kan. Ẹ̀rọ yẹn, "France au revoir" ni, bí a ṣe ń pe ohun àlòkù tó ti òkè òkun wá níbí, tí ẹ̀yin ń pè ní tòkúnbọ̀. Bẹ́líìtì rẹ̀ wà lábẹ́ àga, níbi tí ẹnì kan ti tẹ̀ ẹ́ mọ́ kí n tó bá a. N kò fà á yọ rí. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni mo fà á yọ, tí mo so ó mọ́ ìdí, kí n má baà máa yọ̀ lórí ọ̀rá. Mo fẹ́ kí èyí yé yín: kò sí ọ̀rọ̀ ààbò lọ́kàn mi. Ṣòkòtò mi ni n kò fẹ́ kó tutù.

Mo ti to pálẹ́ẹ̀tì ìrẹsì ìkẹyìn sórí èkejì. Mo fà sẹ́yìn, mo yí iwájú sí ẹnu ọ̀nà. Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ irin ìgbẹ́rù kalẹ̀ kó sún mọ́ ilẹ̀ kí n tó rìn. Mo ní màá máa sọ̀ ọ́ bọ̀ bí mo bá ń lọ. Ẹnu ọ̀nà ilé ẹrù náà dà gẹ̀rẹ́ sí àgbàlá, omi wà lórí rẹ̀, géètì sì wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Òfin ni pé ẹnikẹ́ni kì í yí kọ̀rọ̀ lórí ibi tó dà gẹ̀rẹ́. Ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ tààrà dé ilẹ̀ títẹ́jú ná. Mo yí i sọ́tùn-ún lórí gẹ̀rẹ́ yẹn. Táyà iwájú òsì sì bọ́ sójú kòtò kékeré kan tí omi bò, kòtò tí mo ti ń yà fún láti ọdún tó kọjá.

Ìdí mi fúyẹ́. Ohun àkọ́kọ́ tí mo mọ̀ nìyẹn. Kò sí ariwo, kò sí ìjálù. Ó kọ́kọ́ lọ́ra, bí ẹni pé ó ń ronú sí i, ìlọ́ra yẹn ló sì ń tan ni jẹ. Ó ń sọ fún ara pé ààyè wà. N kò pinnu láti bẹ́. Kí n tó ronú kan ohunkóhun, ẹsẹ̀ òsì mi ti jáde, ọwọ́ òsì mi ti di òpó mú, èjìká ti tẹ̀lé e. Bẹ́líìtì gbá mi mú níbàdí, ó fà mí padà bí ìyá tó fa ọmọ létí títì. Gbogbo ara mi padà sínú àga, àfi ẹsẹ̀ tó ti jáde.

Bàtà mi ní irin lẹ́nu. Irin náà dáàbò bo ọmọ ìka márààrún, mo lè kà wọ́n fún yín. Òpó kọjá irin bàtà, ó kanlẹ̀ lé ọrùn ẹsẹ̀. Ẹ̀rọ dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, iná inú rẹ̀ ò kú, táyà kan ń yí lófuurufú. Òórùn dísù. Ẹnì kan ń pariwo pé kí wọ́n pa á, ó tó ìgbà díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé èmi ni.

Màmá mi dé ilé ìwòsàn nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú abọ́ àtíékè àti ẹja. Ó jókòó, ó wo ẹsẹ̀, ó wo òkè.

"Ṣé mo sọ fún ọ pé kí o wá jókòó ti ọjà aṣọ?"

"Ẹ sọ fún mi, Màmá."

"Kí ló dé tí o ò tètè bẹ́ sílẹ̀?"

Dókítà tó wà níbẹ̀, ọmọ Baoulé ni, kò gbọ́ Yorùbá. Ó bi mí ní Faransé pé ṣé mo so bẹ́líìtì. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní àwọn tí òun máa ń rí tí wọn kò so ó, ẹsẹ̀ kọ́ ni òun máa ń yẹ̀ wò lára wọn.

Ohun tó ní lọ́kàn nìyí. Lórí cariste, òrùlé kan wà tí wọ́n fi òpó irin gbé ró, kí ẹrù má baà já lù ú lórí. Bí ẹ̀rọ bá ń dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, etí òrùlé yẹn ló ń kanlẹ̀ pẹ̀lú gbogbo tọ́ọ̀nù mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá bẹ́, ibẹ̀ gan-an ló bẹ́ sí, torí ẹsẹ̀ èèyàn kò lè gbé e jìnnà ju ibi tí òrùlé ń bọ̀ lọ. Orí, àyà tàbí ikùn rẹ̀ ni òrùlé máa bá. Ẹbìtì ni, eku ló sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ abẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ àyè tó wà láàárín àga, òrùlé àti irin ìdarí, kì í sábà fọ́ bí ẹ̀rọ bá dùbúlẹ̀. Inú ibẹ̀ ni kéèyàn dúró sí. Ẹ di irin ìdarí mú gírígírí, ẹ tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀, ẹ fi ara tì sí òdìkejì ibi tó ń dà sí, kí ẹ sì jẹ́ kó ṣubú pẹ̀lú yín. Àwọn ẹ̀rọ kan wà o, tí òòró ni awakọ̀ ń dúró wà wọ́n, tí ẹ̀yìn wọn sì ṣí sílẹ̀. Ti ìwọ̀nyí yàtọ̀, ẹ̀yìn ni wọ́n ń kọ́ awakọ̀ láti gbà bọ́ sílẹ̀. Èyí tí à ń jókòó wà ni mò ń sọ, òun ló sì kún Àbíjàn.

NIOSH, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí ewu ibi iṣẹ́, ka òkú tí ẹ̀rọ yìí fà ní orílẹ̀-èdè wọn láàárín ọdún 1980 sí 1994. Wọ́n jẹ́ 1,021. Nínú ọgọ́rùn-ún, 22 ni ẹ̀rọ dà pa, kò sì sí ohun mìíràn tó pọ̀ tó o. 20 ni ẹ̀rọ kọlù níbi tí wọ́n ti ń fẹsẹ̀ rìn jẹ́jẹ́ wọn. 16 ni ó tẹ̀ pa. 9 já bọ́ lára rẹ̀. Amẹ́ríkà nìyẹn, níbi tí wọ́n ti ń ka òkú wọn.

Nǹkan kan máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo nínú oṣù kejìlá ọdún 1998, orílẹ̀-èdè mẹ́ta kọjú sí ẹ̀rọ yìí. Lọ́jọ́ kìíní oṣù náà, Amẹ́ríkà gbé òfin tuntun jáde lórí bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ kọ́ ẹni tó máa wà á. Lọ́jọ́ kejì, Faransé kọ ọ́ sílẹ̀ pé cariste gbọ́dọ̀ gba ẹ̀kọ́, kí ọ̀gá rẹ̀ sì fún un ní ìwé àṣẹ kó tó fọwọ́ kàn án. Lọ́jọ́ karùn-ún, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì ya ẹsẹ̀ kan sọ́tọ̀ fún dídà fọ́ọ̀kìlíìfù nìkan: kí agbanisíṣẹ́ ṣe ẹ̀rọ náà lọ́nà tí ewu dídà rẹ̀ á fi kéré dé ibi tó bá lè kéré dé. Láti Faransé ni ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń pè ní CACES ti jáde, tí àwọn ọ̀dọ́ ibí náà ń lé kiri nísinsìnyí torí ó dára nínú ìwé tí wọ́n fi ń wá iṣẹ́. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé òfin wọn kò bá ẹ̀rọ wọ ọkọ̀ ojú omi. Ẹ̀rọ wọn dé ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú bẹ́líìtì lábẹ́ àga.

Ẹ má sì jẹ́ kí n parọ́ mọ́ àwọn ọ̀gá nìkan. Àwa cariste la máa ń tẹ bẹ́líìtì mọ́ abẹ́ àga. À ń sọ̀, à ń gùn, ìgbà ogójì lóòjọ́, láti lọ tún ẹrù tò tàbí láti gba ìwé lọ́wọ́ awakọ̀ àjàgbé. Síso àti títú rẹ̀ ń sú ni. Ó tún ní ìgbéraga díẹ̀ nínú. Ẹni tó bá so ó, ọmọ tuntun ni. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó lè fi irin méjèèjì ti ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ láìha ọ̀dà rẹ̀, sọ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé, "Bó bá ti ń dà, fò." Kò ní ibi lọ́kàn. Ohun tí wọ́n sọ fún òun náà nìyẹn.

Mo ti sọ tèmi, mi ò tíì sọ ti ọmọkùnrin kan. Ó ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ mi lọ́jọ́ náà, ó ń lọ síbi géètì láti bá wọn já ẹrù. Ìgbà tó rí i pé irin ìgbẹ́rù ń bọ̀ lókè orí, ó sọ ara rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi ọwọ́ gúnlẹ̀, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì kán. Orúkọ mi wà nínú ìwé ilé iṣẹ́. Tirẹ̀ kò sí. Ojúmọ́ ni wọ́n ń san owó rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire, àjọ CNPS ló ń bójú tó ẹni tó bá ṣèṣe níbi iṣẹ́. Agbanisíṣẹ́ nìkan ló ń san owó ẹ̀ka yìí, láàárín 2 sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù bí ewu iṣẹ́ náà bá ṣe tó, wọn kì í yọ ọ́ lára owó òṣìṣẹ́. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, agbanisíṣẹ́ ní wákàtí 48 láti sọ fún wọn. Bí kò bá sọ, ẹni tó ṣèṣe tàbí ẹbí rẹ̀ lè lọ sọ ọ́ fúnra wọn, wọ́n sì ní ọdún méjì láti ṣe é. Ní Nàìjíríà náà, òfin ọdún 2010 fún òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ 14 láti sọ fún ọ̀gá rẹ̀, ó sì fún ọ̀gá ní ọjọ́ 7 láti kọ̀wé. Ọdún méjì yẹn ni mo fẹ́ kí ẹni tó ń ka èyí ní Koumassi tàbí ní Yopougon di mú, torí mi ò mọ̀ ọ́n nígbà náà.

Wọ́n kọ tèmi ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ Ajé. Wọ́n fún ọmọkùnrin náà ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fáráǹkì àti owó takisí. Ìgbà tí mo fi lè fi ọ̀pá rìn dé Vridi láti bi í léèrè, ó ti lọ. Ẹnì kan ní Bouaké, ẹnì kan ní ó ti kọjá Bouaké. Ilé iṣẹ́ ló jẹ ẹ́ ní owó, ṣùgbọ́n èmi ni mo yí kọ̀rọ̀.

N kò wa Fenwick mọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní àgbàlá tí wọ́n ti ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Koumassi, ọ̀kan wà níbẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú. Àràárọ̀ Sátidé, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin márùn-ún máa ń wá bá mi níbẹ̀, àwọn tó ń múra ìdánwò. Ọ̀pọ̀ wọn mọ ìwé ju mi lọ. Wọ́n lè ya onígun mẹ́ta yẹn pẹ̀lú rúlà. N kì í kọ́ wọn ní ìyẹn. Mo ní kí wọ́n gun orí ẹ̀rọ, kí wọ́n so bẹ́líìtì, kí wọ́n máa bá mi sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Bí ọ̀rọ̀ bá ti wọ̀ wọ́n lára, màá fi igi gbá òrùlé irin, màá kígbe pé ó ń dà. Ọwọ́ gbọ́dọ̀ wà lára irin ìdarí, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, ara lódìkejì. Mo máa ń tẹjú mọ́ ibì kan ṣoṣo, ẹ̀gbẹ́ òsì, nísàlẹ̀, níbi àtẹ̀gùn.

Sátidé tó kọjá, ọ̀kan nínú wọn, ọmọ ọdún 22 kan tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Ẹjìgbò bíi tèmi, ṣe é ní ìgbà mẹ́fà. Ìgbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ jáde.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "mo mọ̀ ọ́n o. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n gbé e."

Mo ní mo mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n. Mo ní kó sọ fún mi, ta ló gbá bọ́ọ̀lù tó kẹ́yìn wọlé fún ASEC. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, mo sì tún mú igi.